Ṣé torí àdéhùn àwọn ìlú ńlá ni wọ́n fi máa gba jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja?

“Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja inú yìnyín ni mò ń tà ní Agége, èyí tí wọ́n ń pè ní òkú Èkó. Lójúmọ́, bẹntiróòlù lítà márùn-ún ni mò ń dà sí jẹnẹrétọ̀ kí ọjà mi má baà bàjẹ́. Ọkọ mi ń wa dánfó láti Ìyànà Ìpájà sí Òṣòdì. Mo gbọ́ lórí rédíò pé Èkó ti bá àwọn ìlú ńlá òkè òkun tọwọ́ bọ̀wé pé èéfín kábọ́ònù gbọ́dọ̀ tán nílẹ̀ tó bá fi máa di 2050. Ṣé wọ́n máa gba jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ mi ni? Ṣé wọ́n máa lé ọkọ mi kúrò lójú títì? Ṣé kì í ṣe àwọn òyìnbó ló ba ojú ọjọ́ jẹ́ ni, kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Mo máa kó àjọ lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé kí n fi ra sólà?”

Ẹ kú ọjà o, màmá, ẹja á tà o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yín, torí ìbéèrè mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀rù kan ṣoṣo ló sì bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ẹ̀rù pé àwọn kan jókòó sí yàrá tó tutù, wọ́n bu ọwọ́ lùwé, ìyà ibẹ̀ sì fẹ́ já lé ẹni tí kò sí níjòókòó. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù aláìmọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó rọrùn: kò sẹ́ni tó máa torí ìwé yẹn wá gbé jẹnẹrétọ̀ yín. Ìwé náà kò ní ọlọ́pàá, kò ní kóòtù, kò sì ní owó ìtanràn. Ìlú tó bá yẹ àdéhùn rẹ̀, ojú ló máa tì í, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ má wá rò pé bébà lásán ni o. Ohun tí àwọn ìlú ń kọ́ lára ara wọn ti gba ojú ọ̀nà ọkọ yín kọjá rí, mo sì máa padà síbẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, ọ̀rọ̀ “èéfín” yìí lọ́ pọ̀, ó yẹ ká tú u. Tí rédíò bá ti pe èéfín kábọ́ònù, ọkàn wa á lọ sọ́dọ̀ dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ògiri ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Òun kọ́ ni wọ́n ń bá wí. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń gba ẹnu páìpù jẹnẹrétọ̀ jáde. Dúdú yẹn ni ọ̀kan, òun ló ń wọnú ẹ̀dọ̀fóró, tó ń fa ikọ́. Èkejì ni afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn rárá, tó ń pa odindi ìdílé mọ́jú tí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ wọ pálọ̀ tí wọ́n sì ti fèrèsé. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn ìlú tọwọ́ bọ̀wé lé lórí, carbon dioxide. Kò dúdú, kò rùn, àwa náà ń mí i síta. Tirẹ̀ ni pé ó ń gòkè lọ bo ayé bí aṣọ òtútù: ooru oòrùn á rọ́nà wọlé, kò ní rọ́nà jáde bó ṣe yẹ, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ á sì wà lókè níbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta jẹnẹrétọ̀ fi tuntun kan hàn mí rí, ó ní èyí kò ní kábọ́ònù mọ́, ṣé mi ò rí i pé ẹnu rẹ̀ mọ́ ni? Ẹnu rẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n epo tó ń jó ni kábọ́ònù ń bá rìn, kì í ṣe ìdọ̀tí ẹnu páìpù.

Lítà bẹntiróòlù kan tó bá jó tán, nǹkan bíi kílò 2.3 kábọ́ònù yìí ló ń dà. Ti díísù ń lọ sí kílò 2.7. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń fi òṣùwọ̀n ta ẹja máa bi mí pé, lítà bẹntiróòlù kan kò mà tó kílò kan lórí ìwọ̀n, báwo ló ṣe wá di kílò méjì lé? Iná ló ń mú kábọ́ònù inú epo, ó ń so ó mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tó yí wa ká, ọ́síjìn yẹn ló sì kó ìwúwo púpọ̀ wọlé. Lítà márùn-ún yín, kílò mọ́kànlá àti ààbọ̀ nìyẹn lójúmọ́. Tí ẹ bá ń tàn án lójoojúmọ́, ó lé díẹ̀ ní tọ́ọ̀nù mẹ́rin lọ́dún. Àjọ tó ń mójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan níbẹ̀ ń tú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 4.6 síta lọ́dún. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yín ń bá ọkọ̀ ará Amẹ́ríkà du ipò! Ṣùgbọ́n ará Amẹ́ríkà náà ṣì ní ilé tó ń mú gbóná lóòtútù, tó ń mú tutù lóoru, ó sì tún ń wọ bàálù. Ẹ̀yin, tiyín parí síbẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn ìlú ńlá tó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀, C40 ni wọ́n ń pè é. Ken Livingstone tó jẹ́ olórí ìlú London nígbà náà ló pe ìlú méjìdínlógún jọ lóṣù kẹwàá ọdún 2005. Nígbà tó fi máa di 2006, wọ́n ti di ogójì, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ń sún mọ́ ọgọ́rùn-ún báyìí. Èkó wà níbẹ̀, Accra àti Dakar wà níbẹ̀, Yvonne Aki-Sawyerr, olórí ìlú Freetown, sì ti bá Sadiq Khan ti London jọ ṣe alága rẹ̀. Ẹ kàn wò ó bí ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí. Kò sẹ́ni tó máa mú yín torí pé ẹ ò rán ankara tí ẹgbẹ́ mú, àmọ́ ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lára ẹni tó wọ tiẹ̀ lọ́tọ̀ dé òde. Ìlú tó bá wọ ẹgbẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ka kábọ́ònù rẹ̀ bí àwọn yòókù ṣe ń kà á, kó gbé e síta, kó sì kọ ètò bó ṣe máa dín in kù. Ibi tí 2050 tí ẹ gbọ́ ti wá nìyẹn: inú ètò tí Èkó fúnra rẹ̀ kọ ló wà. Àdéhùn Paris ti 2015 lórí ojú ọjọ́ yàtọ̀ sí èyí, ti àwọn orílẹ̀-èdè ni. Lọ́dún 2017 tí Trump kéde pé Amẹ́ríkà ń jáde nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ olórí ìlú níbẹ̀ ní àwọn ò bá a jáde. Kì í ṣe ẹnu lásán, torí pé pàǹtí, bọ́ọ̀sì àti òfin ilé kíkọ́, ọwọ́ ìlú ni wọ́n wà, kì í ṣe ọwọ́ ààrẹ.

Tí ẹ bá bi mí pé kí ni irú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀ tíì ṣe tí ojú rí, mi ò ní mú ẹyọ ìwé kankan jáde. Títì Ìkòròdú ni màá mú yín lọ. Ìlú Curitiba ní Bràsíìlì ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì lọ́dún 1974. Bogotá ní Kòlóńbíà lọ wò ó, wọ́n ṣe tiwọn níparí ọdún 2000. Àwọn ará ọ́fíìsì láti Èkó lọ wo ìlú méjèèjì, wọ́n padà wálé, LAMATA, àjọ tó ń ṣètò ìrìnnà ní Èkó, sì ṣí BRT, bọ́ọ̀sì tó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22, lóṣù kẹta ọdún 2008. Mo wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti ka ọkọ̀. Abẹ́ bíríìjì Ọ̀jọ́tà ni tèmi. Pẹ́ńsù lọ́wọ́, bébà lórí pátákó, ìlà mẹ́rin, karùn-ún á dábùú wọn, a tún bẹ̀rẹ̀. Láàárín wákàtí kan, dánfó á ti kún ojú ìwé kan, á tún yí èkejì. Kóńdọ́ kan rí pátákó lọ́wọ́ mi, ó rò pé owó orí ni mo wá gbà, ó bẹ́ sílẹ̀, ó fi ara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ títí wọ́n fi wakọ̀ lọ láìmú un. Mo ṣì ń rántí bó ṣe ń sáré tẹ̀ lé e. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé ìlà fún kábọ́ònù kò sí lórí bébà tí mo ń kọ. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló sọ wá sójú títì. Bọ́ọ̀sì tó gba èrò púpọ̀ tí kò dúró nínú gò-sílóò á jó epo tó kéré lórí èrò kọ̀ọ̀kan ju dánfó lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díísù ni bọ́ọ̀sì ọ̀hún ń mu nígbà náà. Lójú tèmi, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ètò tó bá kọ́kọ́ dín ìyà ènìyàn kù, kábọ́ònù á tẹ̀ lé e. Èyí tó bá jẹ́ torí kábọ́ònù nìkan ni wọ́n ṣe ṣe é, gómìnà tó ń bọ̀ á pa á tì.

Ọwọ́ ìlú ní ibi tí kò dé, ìdí jẹnẹrétọ̀ yín gan-an ló sì wà. Iná tí kì í dúró yẹn, láti ìgbà NEPA ni Àbújá ti ń darí rẹ̀. Inú òfin iná mànàmáná ti 2023 ni ọ̀nà ti là fún ìpínlẹ̀ láti máa ṣètò iná tiwọn, iṣẹ́ náà sì ṣì tuntun. Olórí ìlú Oslo ní Norway ń fọwọ́ sí ìwé, iná mànàmáná tí wọ́n ń fi omi ṣe ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. Ti Èkó ń fọwọ́ sí ìwé kan náà, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé. Àní kíkà kábọ́ònù ìlú pàápàá, ogun ni. Nígbà kan tí a ń ṣe ìṣirò yìí, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì nílé epo kan láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kí n lè kọ iye lítà tó wọ ọkọ̀ àti iye tó wọ kẹ́ẹ̀gì. Ọkọ̀ á lọ sábẹ́ ìrìnnà, kẹ́ẹ̀gì á lọ sábẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ó dà bíi pé ó rọrùn. Àfìgbà tí ọlọ́kadà kan gbé kẹ́ẹ̀gì dé, ó ní ọ̀kadà òun ló ń tì sílé. Ẹni tó tẹ̀ lé e gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà, ó máa lọ tà á fún onímọ́tò lẹ́bàá títì. Lọ́sàn-án, ọkùnrin kan rọ epo kún ọkọ̀ bámúbámú, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní tóun bá délé, òun á fi rọ́bà fa ìdajì rẹ̀ sí jẹnẹrétọ̀. Orí ìlà wo ni kí n kọ ọ́ sí? Nítorí náà, tí wọ́n bá ka kábọ́ònù ìlú kan fún yín tó ní pọ́ìntì lẹ́yìn, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wúlò láti mọ ibi tí ẹrù pọ̀ sí, kò tó láti fi bá ara ẹni jà.

Ní ti òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ló kó púpọ̀ jù nínú rẹ̀ jọ sókè. Ìpín kábọ́ònù tí gbogbo Áfíríkà ń tú síta kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ti ayé. Àwọn náà kò jiyàn rẹ̀: àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Rio lọ́dún 1992 sọ ọ́ kedere pé gbogbo wa la ni ẹrù, àmọ́ kò dọ́gba. Owó ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Lọ́dún 2009, ní Copenhagen, olú-ìlú Denmark, àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ṣèlérí pé nígbà tó bá fi máa di 2020, àwọn á máa mú ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù dọ́là wá lọ́dún fún àwọn tálákà. Ọdún 2022 ló tó pé, yíyá ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó da omi sílé ẹni, tó wá ń yáni lówó láti gbá a! Ìlú bíi Èkó kò sì lè nawọ́ gba irú owó bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, Àbújá ló máa ṣe onídùúró.

Síbẹ̀, owó ti wọ ìlú kan lọ́wọ́ rí, orí ààtàn ló sì ti rí i. Ìlú São Paulo ní Bràsíìlì ní ààtàn kan tí wọ́n ń pè ní Bandeirantes. Oúnjẹ àti ewé tó bá jẹrà sábẹ́ ìdọ̀tí tí afẹ́fẹ́ kò dé máa ń tú mẹtéènì sílẹ̀, gáàsì tó jẹ́ pé láàárín ogún ọdún, agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná ju ti carbon dioxide lọ ní ìlọ́po ọgọ́rin àti díẹ̀. Wọ́n ri páìpù mọ́ àárín ààtàn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa gáàsì, wọ́n sì ń fi í ṣe iná mànàmáná, lọ́dún 2004. Nígbà náà, tọ́ọ̀nù kábọ́ònù kọ̀ọ̀kan tí wọn ò jẹ́ kó jáde máa ń di ìwé-ẹ̀rí kan tí ilé iṣẹ́ ní Yúróòpù lè rà láti fi dípò èyí tí òun náà ń tú síta. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2007, ìlú náà gbé ìwé-ẹ̀rí tó lé ní 800,000 sí gbàǹjo, ó tà á ní yúrò 16.20 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàlá yúrò. Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn tí mo bá ń kọjá ààtàn ńlá Èkó ní Olúsọ́sùn. Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n fún ní náírà àkọ́kọ́ láti fi dín kábọ́ònù Èkó kù, orí ààtàn ni màá ná an sí, mi ò ní wo ìhà ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja. Àmọ́ kí n má tàn yín: ọjà ìwé-ẹ̀rí yẹn wó lulẹ̀ lọ́dún 2012, ó já wálẹ̀ débi tí ọ̀kan kò tó yúrò kan. Ẹni tó bá ń sọ fún Èkó pé owó São Paulo ń bẹ nílẹ̀ tó ń dúró dè wá, ìtàn àtijọ́ ló ń sọ.

Àwọn ọlọ́rọ̀ náà ń kùnà o. Copenhagen búra pé òun á jẹ́ olú-ìlú àkọ́kọ́ tí kò ní kábọ́ònù kankan lọ́rùn nígbà tó bá fi máa di 2025. Lọ́dún 2022, wọ́n jẹ́wọ́ pé kò ní ṣeé ṣe, torí ilé iṣẹ́ tó ń jó pàǹtí wọn kò rí owó ìjọba gbà láti fi ra ẹ̀rọ tó máa mú kábọ́ònù náà. Shenzhen ní Ṣáínà ṣe é dáadáa ní tirẹ̀: bọ́ọ̀sì tó lé ní 16,000 ló ti di oníná pátá níparí 2017, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ló bu owó lé e. Nítòsí wa níbí, Dakar gbé BRT oníná jáde lọ́dún 2024. Àwa náà ń tiro. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lóṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná ló ń lò. Red Line tó ń gba Agége yín kọjá, díísù ló ń mu. Mi ò bá wọn jà nítorí rẹ̀, torí ẹgbẹ̀rún èèyàn nínú ọkọ̀ díísù kan sàn ju ẹgbẹ̀rún èèyàn nínú dánfó ọgọ́rin.

Ọ̀rọ̀ wá dé orí ọkọ yín, ibẹ̀ ni ẹ̀rù tiyín ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. BRT Òṣòdì sí Abúlé Ẹgbà tí wọ́n ṣí lọ́dún 2020, ojú ọ̀nà tó ń ná ló gbà kọjá. Ẹ ò ní rí ọjọ́ kan tí wọ́n máa kéde pé dánfó ti tán. Ojú ọ̀nà rẹ̀ ló máa máa fún díẹ̀díẹ̀, èrò àárọ̀ á máa dín, ọkọ̀ tó bá gbó kò ní rí owó tó máa fi rọ́pò rẹ̀. Lọ́dún 2008, alájẹṣẹ́kù ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wa bọ́ọ̀sì BRT. Àwọn tó wà nínú ìwé alájẹṣẹ́kù rí àyè jókòó, àwọn tó ń dá wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ fún owó ojoojúmọ́ kò rí. Mi ò lè ṣèlérí fún un pé wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n kó fi orúkọ sílẹ̀ nínú alájẹṣẹ́kù tó bá wà ní gáréèjì rẹ̀ báyìí, kó sì gba láísẹ́ǹsì bọ́ọ̀sì ńlá nígbà tí kò tíì sí ẹni tó ń lé e. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ńlá kò pọ̀.

Owó àjọ yín. Onímọ̀ ìrìnnà ni mí, èmi kì í ṣe oníná, nítorí náà ẹ fi ohun tí mo fẹ́ sọ yìí wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Tẹ́lẹ̀ ná, fríísà tòkunbọ̀ máa ń jẹ iná ju tuntun lọ. Tó bá jẹ́ òun lẹ ní, ó lè jẹ́ pé fríísà lẹ máa kọ́kọ́ pààrọ̀ kí ẹ tó ronú kan sólà. Pánẹ́ẹ̀lì máa ń lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, bátìrì ló ń kú, òun ló sì ń gba owó jù. Ṣùgbọ́n ẹja yín fúnra rẹ̀, bátìrì ni: fríísà tó kún tó sì dì gan-an lọ́sàn-án á mú òtútù dé àárọ̀ tí ẹ ò bá ṣí i lóru. Ẹ lè jẹ́ kí oòrùn ṣe iṣẹ́ ọ̀sán, kí bátìrì kékeré kan gbé òru, kí jẹnẹrétọ̀ wà nílẹ̀ fún ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ ṣúlẹ̀. Ohun tó ń já ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kulẹ̀ ni ìgbà tí fríísà bá ń gbéra: iná tó ń fà ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn máa ń jẹ́ ìlọ́po mélòó kan èyí tó ń fà tó bá ti ń sáré lọ, ínfátà kékeré, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, á sì kú lójú ẹsẹ̀. Tí ẹni tó wá ta sólà fún yín bá dárúkọ owó kó tó béèrè fríísà mélòó lẹ ní àti wọ́ọ̀tì mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ, ẹ fún un lómi mu, kí ẹ jẹ́ kó máa lọ.